Èéfín Tí Ó Ṣáájú Ọ̀gá Dé Jámánì

Ọkùnrin kan wà ní ìlú wa tí wọ́n máa ń ròyìn pé ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ni ó mú kí àwọn òyìnbó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ra kòkó wa. Wọ́n ní ó wọ ọkọ̀ òfurufú, ó bá wọn sọ̀rọ̀, ọkàn wọn sì rọ̀. Ìròyìn náà dùn ún gbọ́. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ènìyàn púpọ̀, n kò sì rí ẹnìkan nínú wọn tí ó wà níbẹ̀.

Ọkùnrin yìí ní àká ńlá kan tí obìnrin méjìlélógójì ti ń ṣa kòkó. Wọn a ya èyí tí ó bu sọ́tọ̀, wọn a sì rọ èyí tí ó dára sínú àpò. Láti ibẹ̀, ó di èbúté Èkó, ó di Jámánì, níbi tí wọ́n ti ń fi ṣe ṣokoléètì. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà tí ó tọ́ ṣokoléètì wò rí. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà ní Jámánì tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa tọ́ kòkó wò lọ. Ahọ́n ẹni yẹn ni oúnjẹ gbogbo wọn so mọ́.

Ní ọdún kan tí òjò pọ̀, létà dé láti Jámánì pé kòkó náà ń rùn èéfín, pé àwọn kò ní rà á mọ́. Ọ̀gá pe àwọn obìnrin jọ, ó ní bí oṣù bá parí, kí oníkálùkù máa lọ sílé. Ó ní àwọn àgbẹ̀ ni ó fi iná yan kòkó nígbà tí oòrùn kò ràn.

Èyí tí ó dàgbà jù nínú àwọn obìnrin náà, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ìdànrè, kò tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ó bu kòkó díẹ̀ nínú àpò tí ó wà ní igun tí ó jìnnà jù, ó bu òmíràn nínú èyí tí ó sún mọ́ ààrò, ó là wọ́n, ó sì gbóòórùn wọn: èyí tí ó sún mọ́ ààrò nìkan ni èéfín wà lára rẹ̀. Àwọn obìnrin náà kì í lọ sílé jẹun lọ́sàn-án. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ àká ni wọ́n ti ń fi igi dáná. Ní ọdún náà, òjò ti lé ààrò wọn wọlé.

Àwọn yòókù bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má sọ ọ́. Bí ọ̀gá bá gbọ́, yóò ka iná léèwọ̀, ebi ni wọn yóò sì máa fi ṣiṣẹ́. Síbẹ̀, ó lọ.

“Ọ̀gá, ẹ má bínú. Kì í ṣe àwọn àgbẹ̀. Ààrò wa ni.”

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. “Ìyá, ṣé èéfín ọbẹ̀ yín ni yóò dé Jámánì?”

“Ó ti débẹ̀, sà. Èmi ni n kò tíì débẹ̀.”

Ọ̀gá ní kí ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní ìrìn àjò sí Jámánì láti lọ bẹ̀bẹ̀ ni ó wà lọ́kàn òun. Ṣùgbọ́n akọ̀wé rẹ̀ lọ gbóòórùn àwọn àpò náà fúnra rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, òun àti àwọn obìnrin gbé ààrò lọ sẹ́yìn ògiri, wọ́n fi páànù bò ó. Ó di kòkó díẹ̀ láti igun tí ó jìnnà, ó kọ ohun tí ó fa òórùn náà sínú létà, ó sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí Jámánì nípasẹ̀ ọkọ̀ òfurufú. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá lọ. Ó sì padà pẹ̀lú ìròyìn ayọ̀.

Ní àárọ̀ tí ọkọ̀ akẹ́rù tún wá kó àpò, àwọn obìnrin tún jókòó ti iṣẹ́ wọn. Nígbà náà ni Ìyá Ìdànrè béèrè ẹni tí ó fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ àná lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àwọn kan fi ń nu ojú.

Ìwọ tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ di olórí ilé iṣẹ́, ọjà rẹ yóò gba ọwọ́ àwọn tí o kò ní fojú rí láéláé. Bí ẹ̀sùn bá ti ọ̀dọ̀ wọn wá, má tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì. Bi àwọn tí ó jókòó ti àpò léèrè, kí o sì jẹ́ kí wọ́n lè dáhùn láìbẹ̀rù nítorí oúnjẹ ọ̀sán wọn.

Ní ti ẹ̀bẹ̀ ọ̀gá, létà tí Jámánì fi gba kòkó náà padà ṣì wà nínú fáìlì. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n kọ ọ́. Ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀lé e ni ọkọ̀ òfurufú ọ̀gá gbéra ní Èkó.