Àyè Òkété Lẹ́yìn Erin

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Ààlọ́ mi rìn títí, ẹsẹ̀ Òkété ló kọ lù.

Ní ayé àtijọ́, àwọn ẹranko ń kẹ́kọ̀ọ́ lábẹ́ igi ọdán. Àgbọ̀nrín ni tíṣà wọn. Bí wọ́n ṣe ń jókòó lóde àríyá ni wọ́n ń jókòó níbẹ̀: ẹni ńlá níwájú, ẹni kékeré lẹ́yìn. Erin ló wà níwájú. Ẹfọ̀n tẹ̀ lé e. Òkété ló kẹ́yìn pátápátá.

Lọ́jọ́ kan, Àgbọ̀nrín ta koríko ní kókó, ó fi hàn wọ́n. Ó ní, "Bí ọdẹ bá dẹ pàkúté, àmì tó máa ń fi síbẹ̀ nìyí." Òkété nàgà, kò rí i. Ó fò, kò rí i. Ó bẹ̀rẹ̀, kò rí i. Ìdí Erin nìkan ló ń rí. Ṣé ìdí Erin ni wọ́n ń kọ́ nílé ẹ̀kọ́ ni, ẹ̀yin ọmọ?

"Òkété, àmì wo ni mo ṣe?"

"N ò mọ̀ ọ́n, tíṣà."

"Olódo! Bí o kò bá mọ̀ ọ́n lọ́la, má wá mọ́."

Òkété bú sẹ́kún. Pàkúté ló pa bàbá rẹ̀, torí kò mọ àmì ọdẹ. Ó wá fẹkún kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Tíṣà, ẹ wá jókòó wò o,
*Tẹ̀ǹtẹ́rẹ́!*
Mo nàgà títí, n ò rí o,
*Tẹ̀ǹtẹ́rẹ́!*
Erin nìkan ni mo rí o,
*Tẹ̀ǹtẹ́rẹ́!*

Àgbọ̀nrín fi ìbínú lọ síbẹ̀, ó jókòó sí àyè Òkété, ó rẹ orí sílẹ̀. Kò rí koríko. Kò rí igi ọdán pàápàá. Erin ló rí.

"Háà! Èmi ni mo jẹ̀bi. Òkété, má bínú."

Ó ní kí Òkété bọ́ síwájú, kí Ẹfọ̀n wà láàárín, kí Erin kẹ́yìn, kí gbogbo wọn yí ká bí òṣùpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé.

Erin faraya. "Èmi Àjànàkú? Lẹ́yìn Òkété?"

"O ga, wàá ríran. Etí rẹ fẹ̀, wàá gbọ́ràn. Kí ló tún kù?"

Erin sún sẹ́yìn. Àgbọ̀nrín tún ta kókó náà, Òkété sì rí i kedere.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Òkété àti ìyá rẹ̀ ń lọ sóko. Òkété pariwo, "Ìyá mi, ẹ dúró! Ẹ wo kókó koríko yẹn!" Ìyá dúró. Pàkúté ló wà níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́, ìyá Òkété gbé ẹyìn wá fún Àgbọ̀nrín, ó kúnlẹ̀. "Tíṣà, ẹ ṣeun. Ẹ̀yin lẹ ò jẹ́ kí ọmọ mi di aláìníyàá." Ó wá yíjú sẹ́yìn. "Àjànàkú, ẹ ṣeun tí ẹ sún fún un." Erin ju etí, inú rẹ̀ dùn dé ìdí.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ nìyí: kí tíṣà tó pe ọmọ ní olódo, kó kọ́kọ́ jókòó sí àyè ọmọ náà wò. Ẹ wo ara yín nísinsìnyí. Kékeré wà níwájú, àgbà wà lẹ́yìn, gbogbo yín ló ń rí ojú mi. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá sún fún yín. Ibẹ̀ ni mo ti sọ ààlọ́ mi kalẹ̀.