Bí Ilé Steinrud Ṣe Gba Orúkọ Lọ́wọ́ Òkúta

Dúró ná! Ìwọ tí ò ń sáré kọjá, fi ẹsẹ̀ méjèèjì lélẹ̀ kí o gbọ́. Ọmọ Steinrud, ọmọ a-ru-òkúta-kó-tó-wọlé, ìwọ ni mò ń bá wí.

Ní ilẹ̀ Nọ́wè láyé ijọ́un, àkọ́bí ní í jogún oko. Àbíkẹ́yìn ni Gunnar, ọmọ Eivind. Ìdí nìyí tó fi fi ilé baba rẹ̀ sílẹ̀ tòun ti ìyàwó, pẹ̀lú àáké kan àti màlúù kan. Kí ó tó lọ, àlùfáà ìjọ wọn gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ní: “Báyìí ni Olúwa wí: níbi tí òjò dídì bá ti kọ́kọ́ yọ́, níbẹ̀ ni oúnjẹ rẹ wà. Má ṣe wo ojú ilẹ̀.”

Ó rìn títí ó fi dé ẹ̀gbẹ́ òkè kan. Gbogbo ayé funfun, àfi ibẹ̀ nìkan. Ṣùgbọ́n òkúta kún ibẹ̀ bí eyín ẹnu! Gunnar kúnlẹ̀, ó gbàgbọ́. Ogún ọdún ló fi ṣán igbó, tó ń hú òkúta, tó fi wọ́n mọ odi yí oko ká. Nítorí náà ni a ṣe ń pè é ní Steinrud, èyíinì ni ilẹ̀ òkúta tí a ṣán. Àṣà ibẹ̀ sì ni pé ẹni tó bá ń gbé orí ilẹ̀ ní í jẹ́ orúkọ ilẹ̀, ìbáà jẹ́ àna.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Gunnar bí, Ragnhild. Torleif, ọmọ oko ọlọ́rọ̀ tí ń jẹ́ Storvang, ló fẹ́ ẹ, ó sì wá ń bá wọn gbé. Gunnar ti darúgbó. Ẹ̀rù ń bà á kí orúkọ náà má baà bá òun wọ sàréè. Torleif sì kọ̀ láti jẹ́ ẹ.

“Bàbá, ẹ má bínú. Ẹran ni wọ́n ń jẹ nílé wa. Ṣé kí n wá máa jẹ́ òkúta ni?”

Ragnhild rẹ́rìn-ín. “Ọkọ mi, ẹran Storvang kọ́ lo jẹ láàárọ̀ yìí o. Búrẹ́dì òkúta ni.”

Lọ́dún náà, ìrì dídì bọ́ lóru kan láàárín ẹ̀ẹ̀rùn. Ọkà báálì gbogbo àfonífojì kú, ti Storvang pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n odi Gunnar ti gba oòrùn ọ̀sán sára, ó sì ń mí ooru rẹ̀ sí ọkà tirẹ̀. Ọkà yè!

Ẹ̀gbọ́n Torleif dé ẹnu odi tòun ti àpò òfìfo. Kò tíì dé ibẹ̀ rí, kò sì mọ̀ pé ibẹ̀ ni àbúrò òun ń gbé. Ó ké pé, “Ilé ta nìyí o?”

Torleif bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó gbé òkúta kan láti inú oko, ó fi lé orí odi. “Ilé Steinrud ni. Èmi Torleif Steinrud ni mo kí yín káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ wọlé, ẹ jẹun.”

Gunnar gbọ́ ọ láti orí ibùsùn. Ó ní, “Ó tó, Olúwa.” Ó sì sùn, kò jí mọ́.

Ibẹ̀ ti di ìlú báyìí. Títí dòní, ọkùnrin tàbí obìnrin tó bá fẹ́ ọmọ wa yóò kọ́kọ́ ru òkúta kan láti oko dé odi, kí ó tó wọlé, kí ó tó jẹ́ orúkọ wa.

Ìwọ tí o dé ìlú ńlá, tí o gé orúkọ náà kù kí wọ́n má baà pè ọ́ ní ará oko, òkúta yẹn ló bọ́ àwọn baba ńlá rẹ. Mo bẹ̀ ọ́, yí padà. Kọ orúkọ rẹ pé. Wá ru òkúta tìrẹ.