A Dúpẹ́ Lórí Òkè Tó Ń Yọná

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ti kọjá díẹ̀ lọ́jọ́ náà. Òjò tó rọ̀ ní ìdájí ti dá, atẹ́gùn sì ń fẹ́ wá láti apá òkun. Ọkùnrin kan wà ní erékùṣù kan tó jìnnà sí ilé, òun àti ìyàwó rẹ̀. Ọmọ wọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló ní kí wọ́n wá sinmi lọ́dọ̀ òun. Òkè kan wà ní erékùṣù náà tó ń yọ iná àti èéfín láti inú ihò orí rẹ̀. Àwọn àlejò a máa wọ ẹlikọ́pítà, bàálù kékeré tó ní abẹ̀bẹ̀ ńlá lórí, lọ wo iná náà láti òkè. Ọmọ náà ṣètò pé kí àwọn òbí òun lọ wò ó.

Ọkùnrin yìí kì í sọ pé nǹkan kan ń ṣe òun. Lọ́dún tí ìjì ká páànù ilé rẹ̀ lọ, ó sọ fún àwọn tó wá kí i pé kò tó nǹkan. Omi ń kán sórí fìlà rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

Àwọn mẹ́rin ló wọ bàálù náà. Awakọ̀ jókòó níwájú. Ó gbọ́ Yorùbá, nítorí Yorùbá ni ìyá tó bí i. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ọkùnrin kan tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Ìjẹ̀bú-Òde jókòó sí. Ọkọ àti ìyàwó wà lẹ́yìn. Òṣìṣẹ́ kan ló ń ti ilẹ̀kùn, ó ti ti èyí tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ. Bó ṣe fẹ́ yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ ìyàwó, ẹnì kan pè é, ó sì lọ. Ọkọ na ọwọ́ kọjá iwájú ìyàwó rẹ̀, ó fa ilẹ̀kùn náà mọ́ra. Kò gbọ́ kó dún.

Awakọ̀ wẹ̀yìn. “Bàbá, ṣé ẹ ti tì í? Ṣé ó dún?”

“Mo ti tì í. Ṣé èmi ni n kò ní mọ ilẹ̀kùn tì?”

Ará Ìjẹ̀bú rẹ́rìn-ín. “Ọ̀gá awakọ̀, ẹ fi bàbá sílẹ̀ jàre. Ilẹ̀kùn tí wọ́n ti tì láyé yìí ju ọjọ́ orí yín lọ.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Bàálù gbéra.

Kò pẹ́ tí ọkùnrin náà rí ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, bí ìgbà tí wọ́n fi ọ̀bẹ la aṣọ. Ó gbé ojú kúrò níbẹ̀. Nígbà tó tún wò ó, ó ti fẹ̀ sí i.

Ohun kan wà tí wọ́n dè mọ́ etí, tí wọ́n fi ń gbọ́ ara wọn nínú ariwo náà. Awakọ̀ gba ibẹ̀ béèrè pé, “Ṣé àlàáfíà la wà?”

“Àlàáfíà ni o,” ni ará Ìjẹ̀bú wí.

“A dúpẹ́, ọmọ mi,” ni ìyàwó wí.

“A dúpẹ́,” ni ọkọ náà wí. Ẹnu rẹ̀ ti dáhùn kí ọkàn rẹ̀ tó débẹ̀.

Láti ìgbà náà lọ, ohun méjì ló wá ń ṣọ́, ilẹ̀kùn náà àti ọ̀rọ̀ tó ti sọ.

Wọ́n dé orí òkè. Ilẹ̀ ìsàlẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, ó sì sán káàkiri. Iná pupa ń yọ nínú ojú sísán náà. Òórùn imí ọjọ́ gba àlàfo ilẹ̀kùn wọlé, ooru sì tẹ̀ lé e.

“Ooru yìí mà ti wọlé,” ni ìyàwó wí. “Ṣé bó ṣe máa ń rí nìyẹn?”

“Bó ṣe máa ń rí ni,” ni ọkọ tí kò wọ ẹlikọ́pítà rí dáhùn.

Bẹ́líìtì tí wọ́n so mọ́ ìyàwó náà níkùn ń fún un, ó ti dẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ó wá fi ìgùnpá ti ilẹ̀kùn kó lè rí ìsàlẹ̀ dáadáa. Ilẹ̀kùn náà mì. Ọkọ rẹ̀ rọra mú etí ìró rẹ̀, ó wé e mọ́ ọwọ́.

“Kí lẹ ń fa aṣọ mi sí?”

“Kò sí nǹkan.”

“Ẹ má tú ìró mi lójú àwọn èèyàn o.”

“Màmá, ẹ jẹ́ kí bàbá dì yín mú,” ni ará Ìjẹ̀bú wí láti iwájú. “Ìfẹ́ ló ń gùn wọ́n.”

Ìyàwó náà rẹ́rìn-ín títí. Ọkọ rẹ̀ tún wé etí ìró náà mọ́ ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Awakọ̀ tún sọ̀rọ̀. “Mo fẹ́ da bàálù yìí sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ màmá báyìí, kí wọ́n lè rí inú ihò náà. Tí gbogbo wa bá ti dáhùn ni n óò tó dà á. Ṣé àlàáfíà la wà?”

“Àlàáfíà ni.”

“A dúpẹ́, ọmọ mi.”

Ó wá ku òun nìkan. Ó rò ó pé bí òun bá sọ̀rọ̀, awakọ̀ yóò mọ̀ pé òun purọ́ nílẹ̀. Ará Ìjẹ̀bú yóò rí ohun tí yóò máa fi ṣẹ̀fẹ̀ títí dé ilé. Èyí tó le jù ni pé ìyàwó òun yóò mọ̀ pé òun ti rí i tipẹ́, òun sì jẹ́ kó jókòó tì í.

“Bàbá? Ẹ̀yin nìkan ni mò ń retí.”

N óò fi í sílẹ̀ níbẹ̀ ná, Oyèbámijí, nítorí ibẹ̀ ni ìwọ náà wà. Mo rí ọ lánàá níbi tí ẹ ti ń kọ́ ilé, lórí pákó òkè, búlọ́ọ̀kù wà lórí rẹ, o di òpó mú, o sì di ojú. Òòyì ń kọ́ ọ, kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Fọ́máànù, ọ̀gá iṣẹ́ yín, a máa bi ọ́ láràárọ̀ pé ṣé ara le, o ń ní a dúpẹ́. Ìyàwó rẹ a béèrè lórí fóònù, o ń ní a dúpẹ́. Àwọn tó ń po yanrìn wà nísàlẹ̀ rẹ gan-an, wọn kì í wòkè, torí wọ́n gbà pé ara rẹ le.

N kò ní kí o má dúpẹ́. Ọpẹ́ yẹ Ọlọ́run nígbà gbogbo. Ṣùgbọ́n fọ́máànù kò kí ọ lásán. Ibi tí yóò rán ọ lọ ló ń wò, ìdáhùn rẹ ló sì ń fi rán ọ. Bí ojú bá ń tì ọ́ láti sọ ọ́ lónìí, lọ́la ni yóò tì ọ́ jù, nítorí ìwọ náà yóò tún ti dúpẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ó bá bi ọ́ láàárọ̀ ọ̀la, sọ ohun tó ń ṣe ọ́ kí o tó gbé ohunkóhun lérí.

Ní ti ọkùnrin yẹn, ó di ìyàwó rẹ̀ mú ní ọwọ́ méjèèjì, ó sì sọ pé, “Ọ̀gá awakọ̀, ẹ má dà á o. Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ìyàwó mi kò pa dé. Mo ti mọ̀ láti ilẹ̀.”