Àwẹ̀ró Kúnlẹ̀ fún Àwọn Alásè Abẹ́ Ẹ̀wà

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi gba oko lọ, ó já sí ìdí gbòǹgbò ẹ̀wà. Ẹ má gbe orin inú rẹ̀ bí ẹni tó ń sùn o, mi ò ní tún un dá.

Obìnrin arúgbó kan wà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ìyàn mú lọ́dún yẹn, ìwọ̀nba irúgbìn ẹ̀wà tó ṣẹ́kù nílé rẹ̀ ló kó lọ gbìn. Tí kò bá so, òun àtàwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ò ní rí nǹkan jẹ.

Ẹ̀wà hù. Àwọn alásè kan bá wọ inú gbòǹgbò rẹ̀, wọ́n kọ́ ilé róbótó-róbótó síbẹ̀. Wọn ò tó ẹyọ iyanrìn kan, àmọ́ ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ wọn: wọ́n á mú atẹ́gùn, wọ́n á sè é di oúnjẹ fún ẹ̀wà! Èmi tí mo ti ń dáná láti kékeré, mi ò lè ṣe é. Irin inú ilẹ̀ pupa ni wọ́n fi ń rọ ìkòkò wọn, òun ló ń jẹ́ kí inú ilé wọn pọ́n.

Òkété ń gbé nítòsí. Ó fẹ́ kí Àwẹ̀ró fi oko sílẹ̀, kóun nìkan lè máa jẹ ibẹ̀. Ó ní, “Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o. Eérú ni kẹ́ ẹ máa dà sí ìdí ẹ̀wà kó lè so, kó pọ̀ dáadáa.”

Àwẹ̀ró kó eérú gbogbo àdúgbò, ó dà á, wùúù. Ó tún dà á, wùúù. Ni ilẹ̀ bá di irin mọ́wọ́, kò jọ̀wọ́ rẹ̀ mọ́. Ewé ẹ̀wà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí ìyeyè.

Ó fa ọ̀kan tu, ó bẹ́ ilé róbótó kan wò. Inú rẹ̀ funfun báláú. Àwẹ̀ró bú sẹ́kún. Ló bá gbọ́ orin nísàlẹ̀. Ẹ gbè é:

Ìyá wa o, a ò rí dáná,
*Tẹrẹnà!*
Irin ń bẹ, ilẹ̀ ò fún wa,
*Tẹrẹnà!*
Eérú ló dí i mọ́lẹ̀,
*Tẹrẹnà!*
Ẹ bá wa kó o, ká sè fún yín,
*Tẹrẹnà!*

Àwẹ̀ró nu ojú. Ó ha eérú kúrò, wáà-wáà, ó kó ewé jíjẹrà sí ìdí ẹ̀wà. Òjò rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó padà dé oko, ewé tutù yọ̀yọ̀. Ó bẹ́ ilé róbótó mìíràn wò, inú rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Irin ti dé ọwọ́ àwọn alásè nìyẹn.

Arúgbó kúnlẹ̀ sáàárín ebè. “Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà.”

Òkété rẹ́rìn-ín. “Ìyá, ohun tójú ò rí lẹ ń kúnlẹ̀ fún?”

“Àwọn ló ń bọ́ ọmọ mi. Ìwọ tí mo fojú rí, ebi lo fẹ́ fi pa wá.”

Òkété kó sínú ihò.

Ibi tí àlọ́ mi ti sinmi nìyẹn. Ó kọ́ wa pé ká má fojú kéré òṣìṣẹ́ tí a ò rí, ká sì bèèrè ohun tó ń fẹ́ ká tó da nǹkan lé e lórí.