Ẹṣin Tí Kò Lójú

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹ gbọ́ ohun tí Ìyá Ìbídùn ṣe.

Fàájì obìnrin yìí ni kó máa to àwòrán tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ pọ̀. Bó bá tò ó tán, á sọ bó ṣe rí fáwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí Wásáàpù, ohun tó bá sì sọ, abẹ gé e.

Lọ́jọ́ kan, ó ń to àwòrán ẹṣin kan tí Akínlàjà káfíńtà fi pákó gé wẹ́wẹ́ tà fún un. Ó ku ojú ẹṣin nìkan. Ó wá a títí, kò rí i. Inú bí i, ó ki fóònù mọ́lẹ̀, ó kọ ọ́ sáwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé: "Olè ni Akínlàjà! Ẹṣin afọ́jú ló tà fún mi! Ẹ má ra ọjà rẹ̀ mọ́!"

Kò tíì gbé fóònù sílẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ fi yọ, tó ń rẹ́rìn-ín, ojú ẹṣin lọ́wọ́ rẹ̀. "Èmi ni mo fi í pamọ́, kí n lè fọwọ́ ara mi fi í sí i kẹ́yìn. Ṣé ìwọ nìkan ni yóò máa parí ẹ̀ ni?"

"Ẹ ti pa mí, Bàbá Ìbídùn!"

Ó sáré dé ìsọ̀ káfíńtà, ó kúnlẹ̀. Àwọn oníbàárà ti ń dá ọjà padà.

Akínlàjà gbaná jẹ. "Ẹ ò bi mí, ẹ kàn pè mí lólè! Bí ẹṣin yẹn bá tú ká, ẹ ó tún un tò. Ó yá, ẹ bá mi to orúkọ mi!"