Èyí Tí Apá Ká Ni Í Dáná Fún Ni

Ní Òkè-Asín, bí ẹnì kan bá ń wo ohun tó tóbi jù ú lọ bí ẹni ń wo òṣùpá, ìbáà ṣe ilé, ìbáà ṣe ọkọ̀, ìbáà tilẹ̀ ṣe aya, ẹni tó bá sún mọ́ ọn á rọra sọ fún un pé, "Èyí tí apá ká ni í dáná fún ni." Àlejò tó bá gbọ́ ọ á dúró, á máa wo ọwọ́ ara rẹ̀. Kí ló kan apá kan iná? Ọwọ́ ni í ṣáná, ẹnu ni í fẹ́ ẹ, igi ni í jó. Apá tó gbá nǹkan mọ́ra kò tilẹ̀ ráyè fi igi sábẹ́ ìkòkò. Àlejò á rò ó títí, á sì bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àwa tí a mọ ìdí rẹ̀, a kì í sọ ọ́ kí a má rẹ́rìn-ín, nítorí pé ọ̀dọ̀ Ìyá Títílọpẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti wá.

Wúràọlá ni orúkọ tí wọ́n sọ obìnrin yìí, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti bí àkọ́bí rẹ̀, kò sẹ́ni tó tún ń pe orúkọ náà àfi ìyá ọkọ rẹ̀. Ìyá ọkọ yìí, tí gbogbo agbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, ti darúgbó débi pé orúnkún rẹ̀ méjèèjì kì í gbọ́ràn sí i lẹ́nu láàárọ̀ bí wọn kò bá kọ́kọ́ fi omi gbígbóná jó wọn. Bí omi bá gbóná dáadáa, á dìde, á jókòó sí ìloro, á máa ṣẹ́ ẹ̀gúsí, á sì máa fi gbogbo ẹni tó bá ń kọjá ṣe yẹ̀yẹ́. Bí omi kò bá gbóná, orí ẹní ló máa wà títí oòrùn á fi kanrí.

Akínlàjà, ọkọ Wúràọlá, ló ń wá igi tí wọ́n fi ń se omi náà. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tó ti ń la àyìn, igi líle tí ẹyin iná rẹ̀ kì í tètè kú. Ìró àáké rẹ̀ ni Wúràọlá máa ń gbọ́ lójú oorun kó tó jí, á sì dà bíi pé ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn ọjọ́ tuntun fún un. Àfi bí Akínlàjà ṣe já bọ́ látorí ọ̀pẹ lọ́jọ́ kan. Ó yè é, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n èjìká ọ̀tún rẹ̀ yẹ̀ kúrò ní ipò. Baba tó ń to eegun tò ó, ó dì í, ó sì kìlọ̀ fún un.

"Títí iṣu tuntun yóò fi jáde, o ò gbọdọ̀ gbé àáké. Bí o bá gbé e, apá yìí á kàn máa bá ọ rìn kiri ni, kò ní bá ọ ṣiṣẹ́ mọ́."

"Mo ti gbọ́, baba," ni Akínlàjà wí.

Ṣùgbọ́n Wúràọlá mọ ọkọ rẹ̀. Ó mọ̀ pé ọjọ́ tí igi bá tán nídìí ààrò, ọkùnrin yìí kò ní jẹ́ kí ìyá rẹ̀ jókòó sínú òtútù.

Òun fúnra rẹ̀ gbé àáké wò. Àáké ta dànù lára àyìn bí òkò tí wọ́n sọ lu àpáta. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń lagi fún ni ti bá àwọn agégẹdú lọ sínú igbó jíjìn láti máa gé igi pákó. Àwọn igi àyìn tí Akínlàjà kó sẹ́yìn ilé kó tó ṣubú ṣì wà níbẹ̀, wọ́n nà gbọọrọ bí ẹni tó ń sùn. Bí a bá rí ohun tí a ó fi gé wọn kúkúrú, oòrùn fúnra rẹ̀ ni yóò là wọ́n. Nígbà tí Wúràọlá gbọ́ pé ayùn ẹlẹ́ńjìnnì wà lọ́jà Ìkòríta, tó ń gé igi bí ẹni gé iṣu sísè, ó kó owó ẹ̀pà rẹ̀ jáde nínú ìṣà, ó dì í mọ́ ìdí, ó di Ìkòríta.

Àgbàlagbà kan tí wọ́n ń pè ní Baba Ṣówándé ni wọ́n kọ́kọ́ júwe fún un. Ó ń tún ẹ̀rọ ṣe, ó sì ń ta tòkunbọ̀ wọn. Ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún epo dé ìgúnpá.

"Ẹ kú iṣẹ́, baba. Ayùn ni mo wá rà. Igi ìdáná ilé ni mo fẹ́ máa fi gé."

Bó ti ń sọ̀rọ̀, ó gbọ́wọ́ lé ayùn tó tóbi jù níbẹ̀, nítorí pé òun ni ojú rẹ̀ kọ́kọ́ bà lé. Baba Ṣówándé wò ó láti òkè dé ilẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá, ṣé apá yín ká a?"

Obìnrin kan tó gbé ẹ̀rọ ìlọta wá fún àtúnṣe fọwọ́ bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló wọ Wúràọlá lára. Ta ni kò mọ ohun tí à ń pè ní apá kò ká nǹkan? Ẹni tí apá rẹ̀ kò ká a ni ẹni tí agbára rẹ̀ kò gbé e, tàbí ẹni tí owó rẹ̀ kò tó o. Ó wo ìró rẹ̀ tó ti ṣá. Ó wo bàtà rẹ̀ tó ti jẹ ní gìgísẹ̀.

"Baba, apá mi ti ká ohun tó ju èyí lọ kí ẹ tó mọ̀ mí."

"Ìyá, ohun tí mo ń bi yín ni pé..."

"Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu."

Ó kọjá sí òdìkejì ọ̀nà, níbi tí Mùfútáù ti ń ta ẹ̀rọ tuntun. Ẹ̀wù funfun ni Mùfútáù wọ̀, kò sí epo kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà.

"Màmá mi, ta ló ní apá yín ò ká a? Ẹ̀yin tí ojú yín ń dán bí owó tuntun. Ẹ wò ó, èyí tí wọ́n fi ń wó ìrókò rèé. Bó bá ké nílùú yín, a ó gbọ́ ọ níbí."

"Bó bá bàjẹ́ ńkọ́?"

"Irú èyí kì í bàjẹ́, Màmá."

Kò bi í pé igi wo ló fẹ́ gé. Wúràọlá tú gbogbo owó ẹ̀pà sílẹ̀, títí dé èyí tó so mọ́ etí ìró. Bó ti ń bọ̀ lọ́nà, tí ẹ̀rọ náà ń tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn, ó ń rí igi gígé tí wọ́n tò dé ìsàlẹ̀ òrùlé, ó ń rí Ìyá Àgbà tó ń jó nínú èéfín. Orí ń wúwo, ọkàn sì fúyẹ́.

Ní ọjọ́ kejì, ó gbé ẹ̀rọ náà lọ sẹ́yìn ilé, ó sì ń fa okùn rẹ̀. Akínlàjà jókòó sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó di apá mọ́yà, ó ń wò ó.

"Ìyá Títílọpẹ́, sinmi díẹ̀."

"Ó máa dáhùn."

Ó dáhùn ní ìgbà kẹsàn-án. Ewúrẹ́ fo ọgbà. Ìyá Àgbà béèrè láti inú ilé bóyá ọkọ̀ ló ya wọlé. Wúràọlá fi imú ayùn náà kan igi, ayùn ta padà, ó já gbà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ó fò sẹ́yìn. Ẹ̀rọ náà ṣubú lé òkúta, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ já sí méjì, gbogbo ẹ̀yìnkùlé sì dákẹ́ rọ́rọ́.

Akínlàjà kò bá a wí. Ó kàn wo ìdí ààrò, níbi tí igi mẹ́ta péré ṣẹ́ kù sí.

Ní ìdájí ọjọ́ kẹta, Wúràọlá gbọ́ ìró àáké lójú oorun. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó yí ara padà. Lẹ́yìn náà ló rántí. Ó sáré jáde pẹ̀lú aṣọ ìsùn lára. Ọkọ rẹ̀ ló dúró ti igi àyìn kan, ó ti ń fi ọwọ́ òsì gé e, àáké kò wọ igi, ó sì ti ń tú aṣọ tí wọ́n fi gbé apá ọ̀tún rẹ̀ kọ́ ọrùn.

"Baba Títílọpẹ́, ẹ gbé e sílẹ̀."

"Ìyá mi ò lè dìde. Igi ti tán."

"Bí apá yẹn bá kú ńkọ́?"

"Ìyá kan ṣoṣo ni mo ní."

"Apá ọ̀tún kan ṣoṣo náà lẹ ní."

Ohùn Ìyá Àgbà ti ojú fèrèsé wá, kò lọ sókè rárá. "Akínlàjà, omi tí o bá fi apá yẹn dáná rẹ̀, n kò ní fi kan ẹsẹ̀. Wúràọlá, gba irin yẹn lọ́wọ́ ọmọ mi, kí o gbé e wá síbí."

Ìyá Àgbà tẹ́ ẹní lé àáké náà, ó sì sùn lé e. Igi ọgbà ni wọ́n tú dáná lọ́jọ́ yẹn.

Wúràọlá gbé ẹ̀rọ ńlá náà lérí, ó padà sí Ìkòríta. Mùfútáù kò dìde lórí àga. "Màmá, irú ẹ̀wọ̀n yẹn kì í wọ ìlú yìí," ló wí, ó sì yíjú sí oníbàárà mìíràn. Wúràọlá dúró láàárín ọ̀nà, kò mọ ibi tí yóò gbà. Nígbà tó gbójú sókè, Baba Ṣówándé ti gbé àpótí síta, ó ń fi inú aṣọ nù ún fún un.

"Ẹ wá jókòó, ìyá. Ẹrù yẹn wúwo."

Ó jókòó. Omijé ti lé ròrò sójú rẹ̀. "Baba, ẹ bi mí pé ṣé apá mi ká a. Kò ká a. Ẹ má bínú sí mi." Ó ro ti apá ọkọ rẹ̀ àti ti orúnkún Ìyá Àgbà fún un.

Baba náà rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀sín. "Èmi ò bi yín nípa ẹ̀rọ. Igi ni mo ń bi yín."

Ó dìde, ó gbá òpó ilé ìtajà rẹ̀ mọ́ra bí ẹni tó rí ọmọ tó ti pẹ́ lẹ́yìn odi. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pàdé lẹ́yìn òpó.

"Bí a ṣe ń mọ ayùn tí a máa rà nìyí. Igi tí ẹ bá gbá mọ́ra tí ọwọ́ yín pàdé, apá yín ká a nìyẹn. Ayùn kékeré ti tó o. Èyí tí ọwọ́ kò bá pàdé lẹ́yìn rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn agégẹdú. Èwo ni tiyín?"

Wúràọlá di ojú. Ó rí àyìn ẹ̀yìn ilé níwájú rẹ̀, ó na apá, ó gbá afẹ́fẹ́ mọ́ra láàárín ọjà. Ọwọ́ rẹ̀ pàdé, wọ́n tilẹ̀ kọjá ara wọn.

"Ó ká a," ló wí jẹ́jẹ́. "Baba, ó ká a, ó tún ṣẹ́ kù." Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omijé.

Baba Ṣówándé gbé ayùn kékeré kan jáde, tòkunbọ̀ tí ọ̀dà ara rẹ̀ ti ṣí.

"Kò wuni lójú. Ṣùgbọ́n mo mọ gbogbo àìsàn tó lè ṣe é. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ wà níbí, púlọ́ọ̀gì rẹ̀ wà níbí, èmi náà wà níbí. Ẹ fa okùn rẹ̀ wò. N kì í ta ẹ̀rọ fún ẹni tí kò tíì fà á."

Wúràọlá fà á lẹ́ẹ̀mejì, ó dáhùn. Baba náà gba ẹ̀rọ ńlá dípò rẹ̀, pé àwọn agégẹdú á rà á nítorí ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀. Ó fi fáìlì kan tí wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀wọ̀n rẹ̀ àti ìgò ọ́ìlì kún un. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù, ó ní kó máa wọ bàtà tó bo ìka ẹsẹ̀, kó má sì ṣe fi imú ayùn kan igi láéláé, nítorí ibẹ̀ ni í ti í ta èèyàn.

"Bí ohun tó ń bọ́ lára igi bá ti kúnná bí èlùbọ́, ẹ̀wọ̀n ti kújú nìyẹn. Ẹ pọ́n ọn kí ẹ tó tún gé."

"Kí ni kí n fi dúpẹ́, baba?"

"Bí orúnkún Ìyá Àgbà bá dìde, ẹ bá mi kí wọn."

Orúnkún Ìyá Àgbà dìde. Ayùn kékeré náà ń kùn bí oyin tí inú ń bí díẹ̀, ó sì ń gé àyìn kúkúrú kúkúrú. Oòrùn la àwọn igi náà bó ti yẹ. Ìyá Àgbà jókòó sí ìloro pẹ̀lú ẹ̀gúsí rẹ̀, ó ní, "Èyí ò pariwo tó ti àkọ́kọ́. Bí mo ṣe wá ìyàwó fún ọmọ mi náà nìyẹn." Wúràọlá kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ó sì jíṣẹ́ Baba Ṣówándé fún un.

Nígbà tí iṣu tuntun jáde, baba tó ń to eegun tú apá Akínlàjà. Akínlàjà kò béèrè àáké. Ẹ̀yìn ilé ló lọ, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbá ìtì àyìn kan mọ́ra. Ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì pàdé. Ó gbé e wá sí ìdí ààrò, ó gbé e kalẹ̀ níwájú ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú ìṣọ́ra, bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

"Apá mi ká a, Wúràọlá," ló wí.

Ó ti pẹ́ tí Wúràọlá ti gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu ọkọ rẹ̀ kẹ́yìn.

Lọ́dọọdún, bí iṣu tuntun bá ti jáde, ìdì àyìn gbígbẹ kan máa ń lọ sí ilé Baba Ṣówándé ní Ìkòríta. Bí ẹnikẹ́ni bá sì wá bá Wúràọlá pé òun fẹ́ ra ayùn ńlá, tàbí pé òun fẹ́ kó sínú ohunkóhun tó ń dán lójú ọ̀nà, kì í bá a jà. Ó kàn máa ń na apá rẹ̀ méjèèjì síwájú títí ọwọ́ á fi pàdé, á ní, "Gbá a mọ́ra wò ná. Èyí tí apá ká ni í dáná fún ni."