Ẹbọ Tí Ajílànà Gbé Tọ Odò Olójò

Ẹsẹ̀-tó-gorí-ọ̀nà-kò-mọ-ohun-tí-abẹ́-ọ̀nà-ń-fẹ́, Ẹni-tó-ń-lọ-sílé-ní-í-mọ-ọ̀nà-tó-dí: àwọn awo méjèèjì yìí ló dífá fún Ajílànà, ọkọ Àwẹ̀ró, ní ọjọ́ tó ń ráhùn pé ọmọ òun kò ní rí orúkọ jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó, ẹ fi etí sílẹ̀. Ìtàn yìí máa ń bí mi nínú díẹ̀, nítorí pé ohun tí Ajílànà ṣe, èmi náà ti ṣe irú rẹ̀ rí.

Ọ̀nà lílà ni iṣẹ́ Ajílànà. Láyé ọjọ́un, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n tó o. Òun ló la ọ̀nà tó ti ìlú ọba lọ sí ọjà. Kí ó tó là á, odò Olójò máa ń dá àwọn alájàpá dúró nígbà òjò, ó sì ti gbé ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kan lọ rí. Ajílànà gé ìrókò ńlá kan. Ó gbẹ́ inú rẹ̀, ó sì dán an bí inú odó. Ó tẹ́ igi náà sínú odò kí omi lè máa gba ihò rẹ̀ kọjá, ó wá kó òkúta àti yẹ̀pẹ̀ lé e lórí. Ẹ̀yin náà mọ irú rẹ̀. Kọ́ńkéré ni wọ́n ń fi ṣe é lóde òní. Ọba dé e ní fìlà. Àwọn alájàpá ń súre fún un.

Òkè-Odò ni wọ́n bí Ajílànà sí, lápá òkè níbi tí odò náà ti ń ṣàn bọ̀. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, àwọn ẹja àrọ̀ á gbéra láti ìsàlẹ̀, wọ́n á máa wọ́ gòkè lọ yé ẹyin sínú àbàtà tó wà lẹ́yìn ìlú. Àwọn ará Òkè-Odò kì í sọ ọmọ lórúkọ láìsí ààyè àrọ̀ láti inú odò wọn. Ní ọjọ́ kẹjọ, wọ́n á fi ẹja náà kan orí ọmọ. Wọ́n á ní orí ni ẹja fi í la ibú, kí orí ọmọ yìí la ọ̀nà fún un. Lẹ́yìn náà wọ́n á dá ẹja padà sómi. Èèwọ̀ ni kí wọ́n lo ẹja ọjà.

Ọdún tí ọ̀nà náà parí ni ẹja dáwọ́ wíwá dúró. Láàárín ọdún mẹ́ta, ọmọ mẹ́tàlá ni wọ́n bí tí wọn kò rí orúkọ sọ. Ìkókó ni wọ́n ń pe gbogbo wọn. Àwọn kan ti ń sáré lé adìẹ, Ìkókó ni wọ́n ṣì ń jẹ́. Bí ìyá kan bá pariwo "Ìkókó!", ọmọ mẹ́fà ló máa bojú wẹ̀yìn. Wọ́n ń fi ṣẹ̀rín níta, wọ́n ń fi sunkún nínú ilé. Wọ́n ní odò ló ń bínú. Kò sí ẹni tó fi ojú sí ọ̀nà.

Àwẹ̀ró wá lóyún lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án nílé ọkọ. Inú rẹ̀ dùn, ẹ̀rù sì ń bà á. Ó sọ fún Ajílànà pé, "Baálé mi, ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ bí Ìkókó kẹrìnlá o."

Èyí ló gbé Ajílànà dé ọ̀dọ̀ àwọn awo. Wọ́n ní ire ọmọ ti dé, àmọ́ kó rúbọ kí orúkọ lè bá ọmọ náà. Wọ́n ní kó rú ẹyẹlé, obì, epo, àti ẹ̀kọ mẹ́rìndínlógún. Wọ́n ní kó di ọ̀pá tó fi ń wọn iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n ní kó wọ inú odò láti ìsàlẹ̀, kó máa gbé ẹbọ náà gòkè, kó sì máa rún ẹ̀kọ sí gbogbo ibi tí omi bá ti jìn. Wọ́n ní kó má gbé e gba orí ọ̀nà.

Ajílànà ní òun gbọ́. Ó rú gbogbo rẹ̀, kò yọ ọ̀kan sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbé igbá ẹbọ jáde, ó rò ó wò. Ta ló ti gbọ́ ọ rí pé ẹbọ ń lúwẹ̀ẹ́? Oríta ni àwọn baba ń gbé ẹbọ sí láti ìwáṣẹ̀. Bóyá àwọn awo ṣì í sọ ni. Ó gbé e sí oríta ọ̀nà ọjà, lórí ọ̀nà tí òun fúnra rẹ̀ là, ó ṣan ọwọ́, ó sì lọ sílé. Àwọn ẹyẹ jẹ ẹ̀kọ yó.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Ẹja kan kò dé Òkè-Odò. Àwẹ̀ró bí ọmọbìnrin. Ní ọjọ́ kẹta, Ajílànà fi ìbínú padà sọ́dọ̀ àwọn awo.

"Ẹ̀yin baba, mo rúbọ, ẹbọ kò gbè mí."

"Níbo lo gbé e sí?"

"Oríta ni, baba."

Èyí àgbà nínú wọn ló dá a lóhùn. Ó ní, "Ṣé oríta ni ẹja ń gbà kọjá?"

Ajílànà dìde. Ó lọ rú òmíràn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin ó ká ṣòkòtò sókè, ó wọ odò Olójò. Ó ń rún ẹ̀kọ bó ṣe ń lọ. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, omi mọ́, gbòǹgbò igi ṣíji bo bèbè, àwọn àrọ̀ yọ wá jẹ ẹ̀kọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹnu yà á. Ẹja kò kúkú tán! Bó ṣe ń gòkè ni wọ́n ń pọ̀ sí i. Nígbà tó sún mọ́ ọ̀nà, bèbè ti wó, gbòǹgbò ti hàn síta, omi sì ti gbẹ́ ihò ńlá sílẹ̀. Inú ihò náà ni àwọn àrọ̀ kún sí, ọ̀kan ń gun èkejì.

Ó gbójú sókè. Ẹnu igi ìrókò rẹ̀ ga sókè, omi ń já láti ibẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Ó fi ọ̀pá wọ̀n ọ́n: ó ga dé orúnkún. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló tẹ́ igi náà, nígbà tí odò kò ju okùn tẹ́ẹ́rẹ́ lọ. Ó wọn fífẹ̀ odò: ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Ihò igi kò ju apá méjì lọ. Gbogbo omi ń fún ara rẹ̀ gba ibẹ̀, ó ń fi agbára tú jáde. Àrọ̀ kan fò, ó fi orí gbá igi, ó já bọ́. Òmíràn fò wọnú ihò, ṣùgbọ́n ibi dídán kò ní ibi ìdìmú, omi sì gbé e jù síta. Èyí tó wà nítòsí rẹ̀ gbé ẹyin sínú títí ikùn rẹ̀ fi wú, imú rẹ̀ sì ti bó. Ó tún fò.

Ajílànà jókòó sínú omi, ó sunkún. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ti ń kan ilẹ̀kùn, òun ló sì tì í. Ojoojúmọ́ ló ń dé fìlà ọba gba orí wọn kọjá.

Ó gòkè lọ sí Òkè-Odò, ó kó àwọn èèyàn rẹ̀ jọ. Ó ní, "Ẹ̀yin ará ilé mi, odò kò bínú sí yín. Èmi ni mo dí i." Ìyá kan tó ní Ìkókó ọdún mẹ́ta pòṣé kíkan. Ó wọlé, wọ́n rò pé ó bínú lọ ni, àṣé ọkọ́ ló lọ mú.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọ̀nà. Obìnrin alájàpá kan tó ru iyọ̀ dé, ó sì fi igbe ta. "Ìkà wo lẹ ń ṣe yìí? Ajílànà ló la ọ̀nà yìí o!"

"Èmi ni Ajílànà, ìyá," ni ó wí. "Èmi ni mo là á, èmi náà ni mò ń tú u. Ẹ fún wa ní ọjọ́ mẹ́ta."

Wọ́n fa ìrókò jáde. Wọ́n là á sí méjì, wọ́n fi ṣe afárá láti bèbè dé bèbè, kò sì sí ohun kan tó tún dí odò lọ́wọ́. Wọ́n kó òkúta sínú ihò tí omi gbẹ́, kí odò lè máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Oòrùn ọjọ́ keje kò tíì wọ̀ tí wọ́n fi parí rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kẹjọ mọ́, gbogbo Òkè-Odò dúró sí bèbè. Oòrùn yọ, kò sí nǹkan. Oòrùn ga, Àwẹ̀ró ń fi ìborùn bo ojú ọmọ. Nígbà náà ni omi rú ní ìsàlẹ̀, àwọn àrọ̀ sì dé, wọ́n ń fi ikùn wọ́ gba ẹsẹ̀ àwọn èèyàn kọjá. Àwẹ̀ró bú sẹ́kún. Wọ́n ní kí wọ́n gbé ọmọ rẹ̀ wá. Ajílànà ní rárá, kí àwọn tó ti ń dúró ṣáájú.

Ọmọ tí wọ́n kọ́kọ́ pè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sí ìsọmọlórúkọ rẹ̀. Wọ́n fi ẹja kàn án lórí, wọ́n ní, "Oyèníran!" Kò dáhùn. Ẹja ló ń wò. Wọ́n tún pè é. Ìyá rẹ̀, èyí tó pòṣé lọ́jọ́sí, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di èjìká rẹ̀ mú. Ó ní, "Ìwọ ni wọ́n ń pè, ọmọ mi. Jẹ́ wọn lóhùn."

Ó sì jẹ́ wọn.

Ọmọ mẹ́rìnlá ló gba orúkọ lọ́jọ́ náà, ti Àwẹ̀ró ló kẹ́yìn. Ajílànà rúbọ lẹ́ẹ̀kan, ó gbé e síbi tó wù ú, ó di oúnjẹ ẹyẹ. Ó rú u lẹ́ẹ̀kejì, ó gbé e dé ibi tí wọ́n ní kó gbé e dé, ire ọmọ sì bá a nílé. Ẹbọ dára láti rú, ìmọ̀ràn dára láti gbà. Bí wọ́n bá ní inú odò ni kí o wọ̀, má gba oríta lọ.